RAM 8 GB ni mo rà, 2.98 GB ni Windows ń lò: ta ló jẹ ìyókù?

Ìyá Atẹ̀wé, Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti àná, ẹ gbà mí.

Sọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní l'Ókè-Baálẹ̀, kò jìnnà sí UNIOSUN. Project àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ń tẹ̀ jù, mo ń ṣe fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, mo sì ń fi CorelDRAW ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú. Laptop tòkunbọ̀ ni mò ń lò, Core i5 ìran kẹta. RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 2 GB ló bá wá. Bí mo bá ṣí Corel, tí ọmọ kan tún ní kí n gba iṣẹ́ òun lórí WhatsApp nínú Chrome, ẹ̀rọ á dúró gbagidi bí ẹni tó pàdé egúngún lọ́nà tóóró. Oníbàárà á máa wò mí, èmi náà á máa wò ó.

Òṣù tó kọjá ni àjọ kàn mí. Mo ní n ò ní rankọ, RAM ni n ó rà. Mo lọ sígboro, àwọn tó ń ta nǹkan kọ̀ǹpútà yọ ẹyọ 2 GB yẹn, wọ́n fi 4 GB méjì sí i. Wọ́n tàn án lójú mi, mo rí 8.00 lójú rẹ̀, mo sanwó, mo kí wọn kú iṣẹ́.

Ilé ni mo ti wá wò ó dáadáa. Windows kọ ọ́ pé 8.00 GB ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ nínú àkámọ́ tó tẹ̀lé e, ó ní 2.98 GB péré ló ṣeé lò. Ó yá díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, n ò ní purọ́, àmọ́ ṣé 8 nìyẹn? Ta ló jẹ 5 GB mi? Mo fẹ́ lọ bá wọn láàárọ̀ ọ̀la, mo sì ti kó ọ̀rọ̀ sẹ́nu.


Ọmọ Òròkí, Ọjọ́ Ajé, 9:52 alẹ́

Mà, wọ́n ti lù yín ní jìbìtì. Bí wọ́n ṣe ń kọ 1 TB sára flash tí kò ju 8 GB lọ náà ni. Ẹ mú ọkùnrin kan tó lágbára dání tí ẹ bá ń lọ o.


Alágídí, Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́

Ẹ má jà. Mo wo fídíò kan nípa rẹ̀. Ẹ tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ msconfig, ẹ lọ sí Boot, ẹ tẹ Advanced options, ẹ ó rí Maximum memory. Ẹ fi àmì sí i, ẹ kọ iye sí i, ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Ó parí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló dúpẹ́ nísàlẹ̀ fídíò yẹn.


Ìyá Atẹ̀wé, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Alágídí, Ọlọ́run á bi ọ́ o! Mo ní kí ọmọ mi bá mi ṣe é. 2048 ló tẹ̀ síbẹ̀, ó ní ohun tó wà nínú fídíò nìyẹn. A tan ẹ̀rọ, 1.9 ló wá ń sọ báyìí. Ó kéré sí 2 GB tí mo ti ń lò tẹ́lẹ̀! Mo fowó àjọ ra ìdínkù.


Ẹnjí Ọláìyá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀, ẹ má tíì lọ bá ẹnikẹ́ni jà. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe láti ìgbà tí a ti ń lo Windows XP, mo sì ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí ju iye ìka ọwọ́ àti tẹsẹ̀ mi lọ.

Èyí tó kánjú jù ni kí ẹ padà sínú msconfig yẹn, kí ẹ yọ àmì náà kúrò, kí ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Àpótí yẹn kì í fi nǹkan kún nǹkan. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ ńlá ṣe bí ẹ̀rọ kékeré, kí wọ́n rí bí iṣẹ́ wọn á ṣe rìn níbẹ̀. Òrùlé ni, kì í ṣe àkàbà. Ẹni tó bá fi àmì sí i tí RAM rẹ̀ pọ̀ sí i, àmì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú iye tó kéré ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bá mi wo nǹkan méjì. Ẹ fi máòsì tẹ ọwọ́ ọ̀tún lórí This PC, ẹ yan Properties, ẹ ka ohun tó wà níwájú System type fún mi bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Kí ẹ wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ Memory, ẹ wo ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí Slots used (iye ihò tí RAM wà nínú rẹ̀) àti Hardware reserved (RAM tí wọ́n yà sọ́tọ̀ tí Windows ò lè lò). Ẹ kọ iye méjèèjì síbí.


Ìyá Atẹ̀wé, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:30 ọ̀sán

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti yọ àmì yẹn, ó ti padà sí 2.98. System type ní Windows mi jẹ́ 32-bit, àmọ́ processor, ọpọlọ ẹ̀rọ, jẹ́ x64. Slots used, 2 nínú 2. Hardware reserved, 5.0 GB. Ṣé òun ni olè yẹn?


Ẹnjí Ọláìyá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:10 ọ̀sán

Òun kọ́, ìwé ìròyìn olè ni. Olè gan-an ni 32-bit yẹn, kò sì jí nǹkan kan: kò mọ ọ̀nà débẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká fi Ọjà-Ọba ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní akọ̀wé ọjà ní ìwé kan tó fi ń kọ nọ́ńbà sọ́ọ̀bù, àyè nọ́ńbà mẹ́rin péré ló sì wà lójú ìlà kọ̀ọ̀kan. Láti 0000 títí dé 9999 ló lè kọ, ìyẹn sọ́ọ̀bù 10,000. Bí ẹ bá lọ kọ́ sọ́ọ̀bù 20,000 síbẹ̀ ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ á dúró lórí ilẹ̀, ẹ ó fojú rí i, àmọ́ akọ̀wé ò ní lè rán ẹnikẹ́ni lọ sí 10,000 tó gbẹ̀yìn, torí kò sí bó ṣe máa kọ nọ́ńbà wọn.

Báyìí ni Windows 32-bit ṣe rí. Àyè 32 ló ní láti kọ nọ́ńbà ilé, inú àyè kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0 tàbí 1. Bí ẹ bá ṣe é ní ìṣirò, 4,294,967,296 ni iye nọ́ńbà tó lè kọ. Báìtì kan ló ń gbé inú ilé kan. 4 GB nìyẹn, kò lé, kò dín. RAM yín wà ní pípé, ihò méjèèjì ń ṣiṣẹ́, processor yín mọ 64-bit, èyí tí àyè rẹ̀ ju 32 lọ. Windows tí wọ́n fi sí i nígbà tó ń lo 2 GB ni kò bá a dàgbà.


Ọmọ Òròkí, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:34 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́, àmọ́ ó ku síbì kan. Tó bá jẹ́ 4 GB ni ó lè kà, kí ló dé tó jẹ́ 2.98? Ẹni tó jẹ 1 GB tó kù ńkọ́? Àti pé bí kò bá lè dé ibẹ̀, báwo ló ṣe mọ̀ tó fi kọ 8.00? Mo ṣì ń fura sí àwọn ará ìgboro yẹn.


Ẹnjí Ọláìyá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:02 ọ̀sán

Ìbéèrè ọmọ tó ń ronú nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o fẹ́ràn ìjà.

BIOS, ètò kékeré tó ń kọ́kọ́ jí nínú ẹ̀rọ, ló ń sọ 8.00 fún un. Nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ, BIOS á ti ka ohun tó wà nínú ihò kó tó jí Windows. Windows kàn ń tún ọ̀rọ̀ BIOS sọ ni, bí ẹni tó ń sọ iye yàrá tó wà nílé onílé tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ti 1 GB yẹn ni pé kì í ṣe RAM nìkan ló ń lo nọ́ńbà ilé. Ohun tó ń gbé àwòrán jáde lójú laptop, káàdì Wi-Fi, ojú USB, ìwé BIOS fúnra rẹ̀, gbogbo wọn ló ń gba nọ́ńbà kí processor tó lè bá wọn sọ̀rọ̀. Ìsàlẹ̀ 4 GB, lápá òkè pátápátá, ni wọ́n ti máa ń gba tiwọn. Padà sí Ọjà-Ọba: sọ́ọ̀bù 7,500 dé 9,999 ti di ti ọ́fíìsì ọjà, ti ẹ̀ṣọ́, ti àwọn tó ń gba owó orí. Nọ́ńbà ti tán lọ́wọ́ oníṣòwò kó tó di pé ilẹ̀ tán. Iye tí àwọn yẹn ń gbà yàtọ̀ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, ìdí nìyí tí o fi lè rí 3.5 lọ́wọ́ ẹnìkan, 3.24 lọ́wọ́ ẹlòmíràn, 2.98 lọ́wọ́ màmá wa.


Bàbá Linux, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ń dúró kí ẹnìkan sọ pé 32-bit kò lè kọjá 4 GB láé kí n lè jáde. Ẹnjí ò sọ ọ́, àmọ́ mo ti wọṣọ tán, n ó kúkú jáde.

Láti 1995, nígbà tí Intel gbé Pentium Pro jáde, ni processor 32-bit ti ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní PAE. Ó fi àyè mẹ́rin kún 32, ó di 36, ìyẹn sì tó 64 GB. Linux, ètò tí a lè fi rọ́pò Windows, bó jẹ́ 32-bit tí wọ́n kọ́ pẹ̀lú PAE, á rí 8 GB yín pátá. Àwọn Windows 32-bit kan tí wọ́n ṣe fún server, ẹ̀rọ tó ń sin ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, náà ń lò ó, irú bíi Windows Server 2003 Enterprise. Windows ti àwa ará ilé ni Microsoft fi òté sí lójú 4 GB, torí ọ̀pọ̀ driver (ètò tí Windows fi ń bá ohun èlò sọ̀rọ̀) àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ló ń ṣubú lulẹ̀ tí wọ́n bá rí nọ́ńbà tó ga ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, àṣẹ ni, kì í ṣe àìlágbára nìkan.

Mà, ẹ fi Linux sí i, ẹ sinmi.


Ẹnjí Ọláìyá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:41 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, ẹ ṣeun. Àmọ́ CorelDRAW ni màmá fi ń jẹun, Corel ò sì ní bá wọn dé inú Linux láìjẹ́ pé ojú ti rí màbo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìwé ìpè ẹni ẹlẹ́ni tán ná.


Ìyá Atẹ̀wé, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:55 alẹ́

Mo ti dákẹ́, mò ń kà á. Ó ti yé mi, kódà mo ti ṣàlàyé Ọjà-Ọba yẹn fún ọkọ mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ bú ọmọ ọlọ́mọ! Kí ni kí n wá ṣe báyìí? Project ọmọ mọ́kànlá ló wà lórí ẹ̀rọ yìí, méjì nínú wọn máa gbèjà iṣẹ́ wọn níwájú àwọn olùkọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.


Ẹnjí Ọláìyá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:30 alẹ́

Windows 64-bit ni ẹ ó fi sí i. Ibi tó ti nira ni pé kò sí bí a ṣe lè gun 32-bit kọjá sí 64-bit. Ẹ ò ní rí bọ́tìnnì kan tó máa yí i padà kí fáìlì yín máa jókòó sáyè rẹ̀. Fífọ ilé ni, ká tó kó ẹrù padà wọlé.

Nítorí náà, ẹrù ni ká kọ́kọ́ kó. Ẹ da gbogbo project, ìwé ìpè, fọ́tò, àti àwọn fọ́ǹtì tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ sórí hard disk ìta. Lẹ́yìn náà kí ẹ da ti ọmọ mọ́kànlá yẹn sí ibòmíràn lẹ́ẹ̀kejì, ìbáà jẹ́ flash, ìbáà jẹ́ Google Drive. Ẹ ṣí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, kí ẹ fojú rí i pé wọ́n ń ṣí. Mo mọ ẹni tó da iṣẹ́ sórí flash tó ti kú, tó sì fọ ilé. Èmi ni. Ẹ má bi mí nípa rẹ̀.

Ẹ kọ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ Corel yín sínú ìwé. Ẹ kọ irú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ẹ ń lò náà, torí driver 32-bit rẹ̀ ò ní bá 64-bit ṣiṣẹ́, tuntun lẹ máa nílò.

Flash tí kò dín ní 8 GB lẹ máa lò. Ètò Media Creation Tool ti Microsoft á gbé Windows 10 sórí rẹ̀, níbi tó bá ti béèrè, 64-bit ni kí ẹ yàn. Ohun tó máa wá látorí íntánẹ́ẹ̀tì tóbi, ẹ jẹ́ kó di òru kí ẹ tó fà á. Bí Windows 10 tó wà lórí ẹ̀rọ báyìí bá ní àṣẹ gidi, àṣẹ kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún 32 àti 64, bí ẹ bá ṣáà ti fi oríṣi kan náà sí i: Home fún Home, Pro fún Pro.

Ẹnìkan máa wá sọ pé kí ẹ kúkú lọ sí Windows 11. Windows 11 ò ní 32-bit rárá, ìyẹn dáa. Àmọ́ Core i5 ìran kẹta ò sí lára àwọn tó gbà, ìran kẹjọ sókè ló ń fẹ́ níhà Intel. Àìdáa ibẹ̀ ni pé Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní October 14, 2025, ẹ ṣọ́ra fún flash tí àwọn ọmọ yìí ń kì bọ ẹ̀rọ yín.

Bátìrì yín ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń gbé nǹkan?


Ìyá Atẹ̀wé, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:44 alẹ́

Bátìrì wo? Ó ti kú kó tó wọ ọkọ̀ òkun.


Ẹnjí Ọláìyá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:50 alẹ́

Ẹ wá ibi tí jẹnẹrétọ̀ ò ti ní kú o.


Akọ̀wé Ìjọba, Ọjọ́rú, 10:12 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ ti tèmi bọ̀ ọ́, n ò fẹ́ ṣí ojú ewé tuntun. Desktop ọ́fíìsì wa ni. 16 GB ló wà nínú rẹ̀, 8 GB méjì. Windows 10 64-bit, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 8 GB ló ń rí. Kò tilẹ̀ sọ pé 16 ló wà tí òun ń lo 8, 8 lásán ló kọ. Slots used ní 1 nínú 4.


Ẹnjí Ọláìyá, Ọjọ́rú, 10:40 àárọ̀

Tiyín yàtọ̀ pátápátá sí ti màmá, ọ̀gá. Tiwọn, BIOS rí i, Windows ò dé ibẹ̀. Tiyín, BIOS gan-an ò rí ẹnìkejì. Ọ̀rọ̀ Windows kọ́, ọ̀rọ̀ ihò tàbí ọ̀rọ̀ RAM fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ jáde. Ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Ẹ yọ RAM méjèèjì. Ojú rẹ̀ tó ní àwọ̀ wúrà, tó ń wọnú ihò, ẹ fi rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nù ún jẹ́jẹ́, kí ẹ fẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò. Ẹ má fi sáńdípépà o, mo ti rí i. Ẹ wá fi ẹyọ kan ṣoṣo sí i, ẹ tàn án. Ẹ pa á, ẹ fi ìkejì sáyè kan náà. Bí méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ nínú ihò yẹn, RAM yè, ihò kejì ló ń ṣàìsàn.


Akọ̀wé Ìjọba, Ọjọ́rú, 3:25 ọ̀sán

Ẹ gbọ́ mi. Mo ṣí i. Ọyẹ́ ọdún tó kọjá àti ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ló wà nínú àpótí yẹn, erùpẹ̀ nípọn bí aṣọ òfì. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń kun ilé gbá a. Nígbà tí mo dé ibi ihò RAM, mo rí nǹkan funfun róbótó méjì, wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò kejì. Mo rò pé ara ẹ̀rọ ni, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹyin ọmọńlé ni! Ọ̀kan ti fọ́, omi rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ojú wúrà RAM, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Rọ́bà ọmọ mi ni mo fi nù ún, títí ó fi dán. Mo tì í padà títí tí etí méjèèjì fi dún "ká". 16 GB ló kọ. Ọ̀gá wa ní kí n wá máa yẹ gbogbo ẹ̀rọ ọ́fíìsì wò, wàhálà nìyẹn, mi ò bá má sọ fún un.


Alágídí, Ọjọ́rú, 4:00 ìrọ̀lẹ́

Ọmọńlé gba 8 GB lọ́wọ́ ìjọba. Mo ti rẹ́rìn-ín títí.


Ọmọ Aláró, Ọjọ́rú, 9:18 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, iṣẹ́ àdìrẹ ni màmá mi ń ṣe, ìka aró sì wà lára bọ́tìnnì laptop mi, ẹ má bínú tí ìkọ̀wé mi bá dàrú. Core 2 Duo àtijọ́ ni. RAM 4 GB ló wà nínú rẹ̀, Windows 7 64-bit ni mo fi sí i nígbà tí mo ka irú àlàyé yìí níbòmíràn, àmọ́ 3.2 ló ṣì ń lò. Mo wá Memory Remap nínú BIOS, kò sí. Mo ti yẹ msconfig wò, kò sí àmì.


Ẹnjí Ọláìyá, Ọjọ́rú, 9:45 alẹ́

Àbúrò, fi CPU-Z, ètò tó ń sọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, wo Mainboard, kí o sọ orúkọ chipset (èyí tó so processor pọ̀ mọ́ RAM) fún mi.


Ọmọ Aláró, Ọjọ́rú, 9:58 alẹ́

Ó kọ i945GM.


Ẹnjí Ọláìyá, Ọjọ́rú, 10:06 alẹ́

Ó tán. Tìrẹ ò ní oògùn. Remap tí o ń wá yẹn ni BIOS àti chipset fi ń gbé RAM tí àwọn káàdì bò mọ́lẹ̀ lọ sókè 4 GB, kí 64-bit lè lọ bá a níbẹ̀. 945GM ò ní òkè kankan. Òun gan-an, láìka processor àti Windows sí, 4 GB ni òpin nọ́ńbà tó mọ̀. Ìwọ fún Windows ní ìwé tuntun tó láyè, àmọ́ ilẹ̀ ọjà fúnra rẹ̀ pin síbẹ̀. 3.2 yẹn náà ni, má ná kọ́bọ̀ mọ́ lórí RAM. SSD, disk tó yára ju hard disk lọ, ni kí o rà nígbà tí ọwọ́ rẹ bá gbà á, wàá mọ ìyàtọ̀.


Ọmọ Aláró, Ọjọ́rú, 10:11 alẹ́

Ọkàn mi ti balẹ̀ báyìí, ẹ ṣé. Oṣù méjì ni mo ti ń wá a.


Àǹtí Ayétòrò, Ọjọ́bọ̀, 1:20 ọ̀sán

Ti èmi ńkọ́? Processor AMD ni, RAM 8 GB, Windows 64-bit, 5.9 ló ṣeé lò.


Bàbá Linux, Ọjọ́bọ̀, 1:41 ọ̀sán

Àwòrán ló gbà á. Irú AMD bẹ́ẹ̀, nǹkan tó ń ya àwòrán wà nínú processor, kò ní RAM tirẹ̀, RAM yín ló ń yá. 2 GB ni wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún un nínú BIOS. Ẹ wọ BIOS, ẹ wá UMA Frame Buffer, tó bá wà, ẹ dín in kù sí 512 MB. Tí ọmọ bá ń fi ẹ̀rọ yín ta géèmù, ó máa sunkún.


Àǹtí Ayétòrò, Ọjọ́bọ̀, 8:03 alẹ́

7.4. Ọmọ sì ti ń sunkún.


Ìyá Atẹ̀wé, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:30 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé!

Alẹ́ Ẹtì ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ti kó ẹrù síta lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, mo ṣí iṣẹ́ gbogbo ọmọ mọ́kànlá lórí laptop ọmọ àbúrò mi, mi ò ṣí méjì tàbí mẹ́ta. Iná wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ó dé nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, iná lọ. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Mo jókòó, mi ò lè sọ̀rọ̀. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ní kí n mú wáyà wá sọ́dọ̀ òun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo tún ti bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, irun oníbàárà ń já bọ́ sórí bọ́tìnnì mi, títí di aago mọ́kànlá alẹ́.

8.00 GB, 7.88 ló ṣeé lò. Hardware reserved ti di nǹkan bí 120 MB. Mo ya fọ́tò rẹ̀ fún ọkọ mi bí ẹni tó ya fọ́tò ọmọ tuntun.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló wá ya alágídí láàárọ̀ yìí. Ìwé ń jáde, àmọ́ àmì burúkú burúkú ló wà lórí rẹ̀. Mo lọ fa driver 64-bit rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo yọ ti tẹ́lẹ̀, ó ṣe déédéé. Lónìí mo ṣí Corel pẹ̀lú ìwé ìpè olójú ewé méjìlá, Word méjì, WhatsApp nínú Chrome. Mo ń tẹ̀, mo ń retí kó dúró. Kò dúró. Ọmọ kan tilẹ̀ bi mí pé ṣé mo ra ẹ̀rọ tuntun ni.


Ọmọ Òròkí, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:47 alẹ́

Ẹ kú oríire mà. Mo gbà pé àwọn ará ìgboro yẹn ò jalè. Àmọ́ mi ò tíì dárí jì wọ́n. Wọ́n tan ẹ̀rọ níwájú yín, wọ́n rí 2.98 yẹn bí ẹ̀yin náà ṣe rí i, wọ́n gba owó. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?


Ẹnjí Ọláìyá, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:05 alẹ́

Níbi tí o ti sọ òótọ́ nìyí, mi ò ní gbè wọ́n. Ẹni tó bá ta RAM tó ju 4 GB fún oníbàárà láìwo System type, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Ìṣẹ́jú kan kò gbà. Tí n bá wà níbẹ̀, mo máa sọ pé mà, RAM yìí ò ní wúlò fún yín bí Windows yín ṣe wà yìí, ẹ jẹ́ ká fọ ilé kí ẹ tó lọ. Bóyá wọn ò mọ̀ ni o. Ọ̀pọ̀ àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí, síkúrúù la kọ́kọ́ kọ́, a ò dúró kọ́ ìyókù.


Alágídí, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:12 alẹ́

Èmi náà tọrọ àforíjì ti fídíò yẹn. Mo padà lọ ka ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn tó ń ṣépè ju àwọn tó ń dúpẹ́ lọ.

Mà, 2 GB tí wọ́n yọ yẹn, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín?


Ìyá Atẹ̀wé, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:15 alẹ́

Ó wà nínú ọ̀rá, nínú dúrọ́ọ̀ mi. Kí lo fẹ́ fi ṣe?


Ọmọ Aláró, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:17 alẹ́

Mà, èmi náà fẹ́ ẹ o, ẹ jọ̀ọ́!


Ẹnjí Ọláìyá, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:21 alẹ́

Àbúrò, jókòó. RAM ìran DDR2 ni laptop tìrẹ ń lò, ìran DDR3 ni ti màmá. Àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá ara wọn mu, kò ní wọlé, tí o bá fipá tì í, ihò á fọ́. Mo ti sọ fún ọ pé má ná kọ́bọ̀ mọ́, ọ̀fẹ́ pàápàá wà nínú rẹ̀.


Alágídí, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:26 alẹ́

DDR3 ni tèmi, ihò kan sì ṣófo. Windows mi 64-bit, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo lè wá gbà á lọ́jọ́ Ajé.


Ìyá Atẹ̀wé, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:31 alẹ́

Máa bọ̀. Àkàrà ni kó o rà dání, kí ó gbóná. Onígbàjámọ̀ náà á jẹ níbẹ̀.